Eérú Lára Àrọ̀: Sí Dàmọ́lá Tó Ní Ibà Lásán Ni

Ilé wa,
Ìkàrẹ́-Àkókó.

Dàmọ́lá ọmọ mi,

Mi ò ní bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí pẹ̀lú pé ó dá mi lójú pé àlàáfíà ni o wà, nítorí kò dá mi lójú. Bó bá dá mi lójú ni, mi ò ní jókòó ti tábìlì láti àárọ̀, kí n máa fi bírò kọ̀wé sí ọmọ tó ń gbé ní Ọ̀kà níbí, ibi tí ọkọ̀ kan ṣoṣo ń gbé èèyàn dé láti Ìkàrẹ́. Màmá rẹ ti bi mí pé kí ló dé tí mi ò kúkú pè ọ́ lórí fóònù. Ṣé mi ò pè ọ́ ni? Gbogbo ìgbà tí mo bá pè, ohun tí o máa ń sọ ni pé, "Dádì, mo ti gbọ́. Dádì, nẹ́tíwọ̀kì ò dáa." Nẹ́tíwọ̀kì tó dáa nígbà tí à ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ló máa ń bàjẹ́ bí mo bá ti dárúkọ oògùn. Lẹ́tà kì í lo nẹ́tíwọ̀kì. Jókòó, kí o kà á dé ìsàlẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú tí èmi àti màmá rẹ wá kí yín, mo ń wá rìmóòtù kiri. Ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n ni mo na ọwọ́ sí, ibẹ̀ ni mo ti bá ọ̀rá oògùn tí dókítà kó fún ọ lọ́jọ́ tí wọ́n dá ọ sílẹ̀ ní ọsibítù. Bí wọ́n ṣe so ó ló ṣe wà. O ò tú u rárá. Mi ò sọ nǹkan kan níwájú ìyàwó rẹ. Mo dá a padà síbi tó wà, mo jókòó, mo jẹ iyán tí Tọ́pẹ́ gún. Mo ní ó dùn, ó sì dùn lóòótọ́. Dàmọ́lá, kí ló ń ṣe ọ́ gan-an?

Jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, bíi pé o ò sí níbẹ̀, nítorí ó jọ pé o ò sí níbẹ̀ lóòótọ́.

Lọ́dún tí o parí ìsìnlú àgùnbánirọ̀, ọ̀kadà tó ń gbé ọ bọ̀ láti Ọ̀kà já sí kòtò níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Ọwọ́ ọ̀kadà náà gún ọ níkùn lápá òsì. Ẹsẹ̀ rẹ ò kán, orí rẹ ò fọ́, gbogbo èèyàn ń dúpẹ́. Àfi bí òyì ṣe ń kọ́ ọ, tí ikùn rẹ sì ń wú. Ẹ̀jẹ̀ ló ń dà nínú. Ẹ̀yà ara kan wà lábẹ́ egungun ìhà lápá òsì, kò ju ìkúùkù èèyàn lọ, òun ni à ń pè ní ọlọ inú. Tìrẹ ló ya. Kò ṣeé rán, ni wọ́n bá yọ ọ́ kí ẹ̀jẹ̀ má bàa tán lára rẹ. Nígbà tí ara rẹ yá, dókítà pe èmi àti ìwọ jókòó. Ó ní kí o máa lo pẹnisílìn lójoojúmọ́. Ó ní kí o máa gba àwọn abẹ́rẹ́ àjẹsára kan bí àkókò wọn bá ti ń tó. Ó ní lọ́jọ́ tí ara rẹ bá gbóná, kí o má fi ilé ṣe ọsibítù, kí o dìde lójú ẹsẹ̀. O mi orí. O mi orí bí ẹni tó gbọ́.

O sì ṣe é nígbà náà, mi ò ní parọ́ mọ́ ọ. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ Tọ́pẹ́ dé ni nǹkan dàrú. Àwọn ará ilé rẹ̀ rán èèyàn wá ṣèwádìí wa, bí àwa náà ṣe rán èèyàn lọ ṣèwádìí wọn. Àbúrò bàbá rẹ̀ jókòó ní pálọ̀ wa níbí, ó ní, "Ẹ dákun, ẹ má bínú, ṣé kò sí àìsàn kankan tó máa ń ṣe yín nínú ilé?" Mo ní kò sí. Òótọ́ ni mo sọ, ọ̀kadà kì í ṣe àìsàn ìdílé. Mo rò pé ìwọ fúnra rẹ ti bá ọmọbìnrin náà sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ. Ṣé èmi ni kí n máa sọ fún un ohun tó wà nínú ikùn ọkọ rẹ̀? Mi ò mọ̀ pé ẹ̀rù ìwádìí yẹn ti bà ọ́ débi pé o sọ fún un pé apẹ́ńdíìsì ni wọ́n yọ.

Apẹ́ńdíìsì! Ọmọ olùkọ́ bàọ́lọ́jì! Ọmọ tí mo fúnra mi kọ́ ní kíláàsì! Nísàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún ni apẹ́ńdíìsì wà. Àpá tìrẹ bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ egungun àyà, ó sọ̀ kalẹ̀ dé ìdodo. Bí o bá tiẹ̀ fẹ́ parọ́, ó yẹ kí o parọ́ tó bá àpá náà mu. Nígbà tí o sì ti parọ́ tán, o ò lè máa gbé oògùn mì lójoojúmọ́ lójú rẹ̀ mọ́, torí yóò bi ọ́ pé oògùn kí ni. Bẹ́ẹ̀ ni o ṣe pa oògùn tì. O pa abẹ́rẹ́ tì. O gbé ìyàwó, o ríṣẹ́ sí Ọ̀kà, gbogbo wa jó.

Màmá rẹ ní kí n rọra máa kọ ọ́, pé bírò mi ti ń ya pépà. Mo ní pépà ló jẹ́ aláìlágbára.

Lẹ́yìn náà ni ara rẹ gbóná, lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí o wọ iṣẹ́ tuntun yìí. Ẹni tó jókòó tì ọ́ ní ọ́fíìsì sọ pé ibà iṣẹ́ tuntun ni. O ya kẹ́místì, o ra oògùn ibà. Tọ́pẹ́ ti kò mọ nǹkan kan já ewé dóńgóyárò, ó sè é, o fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo orí, o ki ojú bọ ooru ìkòkò, o sì mu nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, o tún ń sọ fún un pé ibà lásán ni, pé yóò lọ.

Ohun tó ń ṣe àwa ará ibí nìyẹn. Ara gbígbóná kan ṣoṣo la mọ̀, ibà sì ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ ò mu ọmú, ibà ni. Àgbàlagbà ò lè jẹun, ibà ni. Òtútù ń mú èèyàn nínú oòrùn, ibà ni. Ó sì máa ń jẹ́ ibà lóòótọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ìyẹn ló ń tàn wá jẹ. Ṣùgbọ́n ìwọ ò lè bá wa ṣe é mọ́. Ibà fúnra rẹ̀ máa ń le lára ẹni tí kò ní ọlọ inú ju bó ṣe ń le lára èèyàn yòókù lọ. Bó jẹ́ ibà, ọsibítù ni. Bí kò bá sì jẹ́ ibà, ọsibítù náà ni. Kí ló wá ṣòro níbẹ̀?

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì yẹn ni Tọ́pẹ́ pè mí. Ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, a wà ní ọsibítù. Ọkọ mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ mọ́. Dókítà ń bi mí bóyá wọ́n ti yọ nǹkan kan nínú wọn rí. Mo ní apẹ́ńdíìsì. Dókítà ní rárá, pé apẹ́ńdíìsì kì í sí lókè níbí. Dádì, kí ni wọ́n yọ?"

Mo ní kó gbé fóònù fún dókítà. Mo sọ fún un. Dókítà ò tiẹ̀ dúró kí n parí ọ̀rọ̀, mo gbọ́ tó ń pariwo pe nọ́ọ̀sì. Kí èmi àti màmá rẹ tó débẹ̀, wọ́n ti ń fi oògùn sí ọ lára gba inú iṣan. Dókítà náà sọ fún mi ní kọ̀rọ̀ pé kòkòrò ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ, pé bí ẹ bá ti sùn sílé pẹ̀lú àgbo yẹn, ọ̀rọ̀ mìíràn ni à bá máa sọ. Mi ò ní kọ irú ọ̀rọ̀ tí à bá máa sọ síbí.

Bóyá ẹ̀bi mi ni pé mo kọ́ ọ ní bàọ́lọ́jì pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì àti bọ́ọ̀dù. Jẹ́ kí n fi ẹja kọ́ ọ lónìí.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ùgbè, lọ́dọ̀ ìyá ìyá mi, odò kékeré kan wà lẹ́yìn oko wa tó máa ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn títí yóò fi ku kòtò omi kọ̀ọ̀kan. Àwa ọmọdé á gbọ́n omi náà dànù, a ó sì máa mú àrọ̀ tó bá kù sínú ẹrẹ̀. Mo ti fọ́nnu fún gbogbo wọn pé ọwọ́ lásán ni màá fi mú èyí tó tóbi jù. Mo gbọ́n ọn pẹ̀lú ẹrẹ̀ sórí koríko, lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá ti dì í mú, á yọ̀ bọ́. Mo dì í níbi orí, ó yọ̀. Mo dì í níbi ìrù, ó yọ̀. Ó fi ẹ̀gún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gún mi lọ́wọ́, mo ṣubú lé e, ó sì ń yí lọ sí kòtò omi tó kù. Àwọn ọmọ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ni ìyá ìyá mi bá dé láti ibi ààrò, ó bu eérú sínú igbá. Ó ní, "Ùwọ ọmọ yí, yé gbá ẹja mọ́ra bí ìyàwó. Da eérú sí i lára!" Ó da eérú bo ẹja náà láti orí dé ìrù. Mo na ọwọ́, mo dì í mú, kò lè lọ mọ́. Ọwọ́ mi ti tẹ́lẹ̀ náà ni. Ẹja ti tẹ́lẹ̀ náà sì ni. Eérú ló wọ àárín wọn.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ nìyẹn. Sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ máa ń rìn káàkiri ara, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó di kòkòrò àìsàn mú, kó gbé e mì, kó sì dà á nínú. Àmọ́ ohun tí kò bá lè dì mú, kò lè gbé e mì. Àwọn kan wà nínú àwọn kòkòrò tí à ń pè ní bakitéríà tí wọ́n wọ ẹ̀wù tó ń yọ̀ bí ara àrọ̀. Wọ́n wà lára àwọn tó ń fa òtútù àyà, wọ́n wà lára àwọn tó ń fa àrùn tó ń mú kí ọrùn èèyàn gan, wọ́n sì lè gba inú ẹ̀jẹ̀ kan bí wọ́n ṣe gba inú tìrẹ kan. Sẹ́ẹ̀lì funfun á fọwọ́ kàn wọ́n, wọ́n á yọ̀ bọ́.

Ara wá ní eérú tirẹ̀. Àwọn èròjà tíntìntín ni, wọ́n ń bá ẹ̀jẹ̀ kiri, wọ́n sì máa ń lẹ̀ mọ́ ara kòkòrò náà títí wọ́n á fi bò ó. Òmíràn nínú wọn ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, kì í béèrè orúkọ kó tó lẹ̀ mọ́ nǹkan. Òmíràn sì rèé, ara gbọ́dọ̀ ti mọ kòkòrò náà rí kó tó lè pèsè rẹ̀. Èyí tó máa ń wù mí jù láti kọ́ àwọn ọmọ ni pé sẹ́ẹ̀lì funfun ní ọwọ́ kan lára tó jẹ́ pé eérú yẹn gan-an ni wọ́n dá a láti máa dì mú. Bí eérú bá ti wà lára kòkòrò, ó ti tán fún un, gbígbémì ló kù.

Ọlọ inú tí wọ́n yọ fún ọ ńkọ́? Ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti máa ń rọra kọjá, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé kòkòrò mì sì ti ń dúró dè é. Ibẹ̀ náà ni ara ti ń pèsè púpọ̀ nínú eérú tó wà fún àwọn ẹlẹ́wù yíyọ̀ yìí. Ààrò nìyẹn, Dàmọ́lá, ọ̀kadà ti fọ́ ààrò rẹ. Sẹ́ẹ̀lì funfun rẹ wà, ọwọ́ wọn sì le. Ẹ̀dọ̀ rẹ náà ń gbìyànjú. Ṣùgbọ́n eérú ò pọ̀ tó, kòkòrò sì máa ń bí sí i kíákíá ju bí ẹ̀yin ṣe ń se àgbo lọ.

Ó yá, ọ̀rọ̀ mi rèé, mo fẹ́ tò ó ní nọ́ńbà kí o má sọ pé o ò rí i.

Nọ́ńbà kìn-ín-ní: tú ọ̀rá oògùn yẹn lónìí. Má gbé e sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n mọ́. Gbé e sórí tábìlì ìjẹun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iyọ̀, níbi tí gbogbo ayé ti ń rí i. Bí àna rẹ bá wá, kó rí i.

Nọ́ńbà kejì: lọ gba àwọn abẹ́rẹ́ tí o pa tì. Ohun tí abẹ́rẹ́ àjẹsára ń ṣe ni pé ó ń fi kòkòrò han ara láìjẹ́ pé kòkòrò náà lè ṣe é ní nǹkan, kí ara lè ti pèsè eérú rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹja gidi tó dé. Ìwọ tí ààrò rẹ ti fọ́, ìwọ ló yẹ kó o máa tètè kó eérú jọ. O ní abẹ́rẹ́ máa ń jẹ́ kí apá dùn ọ́. Ẹni tí wọ́n ti la ikùn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ apá!

Nọ́ńbà kẹta, mo ti sọ ọ́ lókè, kò ní sú mi láti tún un sọ: bí ara rẹ bá gbóná, dìde. Má bu omi sí ìkòkò. Má bi ará ọ́fíìsì. Bí o bá dé ọsibítù, kí ohun tí o máa kọ́kọ́ sọ jẹ́ "wọ́n ti yọ ọlọ inú mi," kí wọ́n tó bi ọ́ ní orúkọ rẹ.

Èyí tó kù yìí, mi ò mọ nọ́ńbà tí mo máa fún un, torí òun ni mo tìtorí rẹ̀ kọ gbogbo èyí. Tọ́pẹ́.

O mọ̀ pé mo ní ọgbẹ́ inú. Ó ti wà lára mi kí n tó gbé màmá rẹ níyàwó. Nígbà tí mo lọ sílé wọn ní Ṣóṣàn, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, torí mi ò fẹ́ kí wọ́n sọ pé aláìsàn ló fẹ́ gbé ọmọ wọn. Wọ́n gbé ẹ̀bẹ iṣu síwájú mi, ata inú rẹ̀ tó mú èèyàn sunkún. Mo jẹ ẹ́. Mo ní ó dùn. Èmi ọ̀dẹ̀ tún ní kí wọ́n fi kún un. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà àbájáde, mo ti dì mọ́ ikùn, mo ti dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé àna mi pẹ̀lú agbádá lọ́rùn. Màmá rẹ ń kà á lórí èjìká mi báyìí, ó sì ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló gbé orí mi dání. Ó ní, "Ùwọ ọmọ yí, kí ló dé tí o é è sọ? Ǹ bá se tìrẹ lọ́tọ̀." Láti ọjọ́ yẹn títí ìyá náà fi kú, ìkòkò tèmi wà lọ́tọ̀ nílé wọn, tí kò ní ata. Èmi tí mo ń sá pamọ́ fún wọn, àwọn gan-an ló ń dáná fún mi.

Ọmọ mi, Tọ́pẹ́ ti mọ̀ pé apẹ́ńdíìsì kọ́. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí dókítà ń pariwo. Ó mọ̀ pé o parọ́ fún òun. Ó sì gún iyán fún wa lọ́jọ́ Àìkú, ó bu omi fún ọ láti ṣan ọwọ́, kò bi ọ́ ní nǹkan kan. Ìwọ rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Èmi wo ojú rẹ̀, kò tíì tán. Ó ń retí pé kí o sọ ọ́ fúnra rẹ. Ojú tì mí nítorí rẹ, inú sì bí mi sí ọ, torí ọmọ dáadáa ni o rí fẹ́, o sì ń ṣe é bí àlejò nínú ilé ara rẹ̀.

Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Màá gbé àrọ̀ kan dání láàyè, ńlá. Màmá rẹ yóò di eérú sínú ọ̀rá láti ibi ààrò ẹ̀yìnkùlé wa. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ọlọ inú, mi ò ní wo ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n. Màá gbé ẹja náà lé Tọ́pẹ́ lọ́wọ́, màá sì gbé eérú lé ìwọ lọ́wọ́. Ìwọ ni kí o dà á sí i lára, kí o sì sọ fún un ìdí rẹ̀, láti orí ọ̀kadà títí dé ibi tí a wà yìí. Èmi wà ní Ìkàrẹ́, mo sì ń dàgbà. Lọ́jọ́ tí ara rẹ bá tún gbóná, tí o ò mọ ohun tí o ń sọ mọ́, ọwọ́ rẹ̀ ló máa dì ọ́ mú. Má yọ̀ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Èmi tó bí ọ, tí inú rẹ̀ ṣì ń bí,
Bàbá rẹ.

Dàmọ́lá, èmi màmá rẹ ló ń kọ èyí sábẹ́. Mo ti ka gbogbo rẹ̀, ariwo rẹ̀ pọ̀, o mọ bó ṣe rí. Ohun tí kò kọ ni pé lọ́jọ́ tí Tọ́pẹ́ pè, bàtà tirẹ̀ kan àti sílípáàsì mi kan ló wọ̀ jáde nílé. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wọkọ̀ dé Ọ̀kà, bẹ́ẹ̀ ló ṣe dúró tì ọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ìgbà tí o la ojú tí o ní kí wọ́n fún ọ lómi ló tó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Jọ̀ọ́, lo oògùn rẹ.